Apá agúnyán: ojú-owó tí àwọn olóúnjẹ Adó-Èkìtì kì í kà

Kò sí olóúnjẹ kan ní Adó-Èkìtì tí kò mọ iye tó ra iṣu. Láti Ìjìgbò dé Ajílòsùn, láti Òkèsà títí dé ọ̀nà Ìwòrókò, bí wọ́n bá bi ìyá oníyán léèrè iye iṣu tó ń lò lóòjọ́, wọn ò ní í tíì bi í tán tó fi máa dáhùn. Ó mọ iye ẹran tó wà nínú ìkòkò, ó mọ ibi tí epo kù sí nínú kẹ́ẹ̀gì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó sọ iye odó tí ọmọkùnrin tó ń gúnyán fún un gún lánàá, ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ rín, nítorí kò sẹ́ni tó ń ka ìyẹn. Bẹ́ẹ̀, apá ọmọkùnrin náà ni gbogbo ọjà ọ̀hún dúró lé. Iṣu lè pé ọgọ́rùn-ún nílẹ̀, ọbẹ̀ lè máa ta sánsán dé títì. Bí apá bá kọṣẹ́, ìrẹsì ni oníbàárà máa jẹ, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ibòmíràn ló ti máa lọ jẹ ẹ́.

Iyán gígún kì í ṣe iṣẹ́ tuntun ní Èkìtì, bí wọ́n ṣe ń pín in ló yí padà. Nígbà kan rí, obìnrin ilé ló ń gún un fún ọkọ àti ọmọ, odó kan lálẹ́, ó pẹ́ tán méjì bí àlejò bá wọlé dé. Bó bá di ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà, odó á pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà á pọ̀. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta á yí odó kan ká, ẹni tó bá rẹ̀ á gbé ọmọ odó fún ẹlòmíràn, á lọ mumi. Kò sẹ́ni tó pè é ní ètò, ètò sì ni.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Èkìtì lára Oǹdó, tí Adó sì di olú-ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé, ọ́fíìsì dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ìjọba àpapọ̀ àti ti yunifásítì tó wà lọ́nà Ìwòrókò náà sì ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní odó nílé, àwọn tó ní in kò sì ní àkókò. Bí iṣẹ́ tó wà káàkiri ilé ṣe kó jọ sídìí odó kan ṣoṣo nìyẹn, sọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tàbí méjì tí wọ́n ń sanwó fún. Iṣẹ́ náà kò sì tàn ká gbogbo ọjọ́. Láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta ọ̀sán ni gbogbo ayé ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, iyán gbígbóná sì ni kálukú ń fẹ́.

Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò ṣàjèjì. Èjìká á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọkùnrin náà, ọrùn ọwọ́ á le, ẹ̀yìn á máa dùn ún. Á fi róòbù pa á, á lo oògùn ara-ríro, á sì padà sídìí odó lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó bá yá, kò ní í wá mọ́. Ìyá olóúnjẹ á ní ọ̀lẹ ni, á wá ẹlòmíràn. Ẹni tuntun kò tíì mọ ìgbà tí iṣu jinná tó fún odó, kò mọ ìgbà tó yẹ kó ta omi sí i. Kókó á wà nínú iyán fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Oníbàárà kì í báni jà lórí kókó, ńṣe ló kàn ń sọdá sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Owó tó bá ìyẹn lọ kò sí nínú ìwé ìṣirò kankan.

Àwọn tó ti ṣírò irú owó yìí dójú ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, nínú eré béésíbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan wà nínú eré náà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó mú igi dání, apá kan náà ló sì ń fi jù ú látìbẹ̀rẹ̀. Abala mẹ́sàn-án ni eré kan. Lọ́dún 1884, Charles Radbourn ju abala tó lé ní 670 ní sáà kan ṣoṣo. Jack Chesbro ju 454 lọ́dún 1904. Steve Carlton ju 304 lọ́dún 1980, kò sì sẹ́ni tó dé 300 mọ́ láti ìgbà náà. Lọ́dún 2014, èèyàn 34 ló dé 200. Lọ́dún 2024, mẹ́rin péré ni. Àánú kọ́ ló fà á. Owó gọbọi ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ ń san lórí apá kan, bí iṣan ìgbọ̀nwọ́ bá sì já, ó lè lé lọ́dún kan kí ẹni náà tó padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1974 tí dókítà Frank Jobe ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Tommy John ni wọ́n ti mọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tún un ṣe. Wọ́n sì rí i pé ẹni tó bá ti rẹ̀ kì í fún alátakò ní wàhálà mọ́. Nítorí náà, wọ́n ń ka gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá jù. Bó bá ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, wọ́n á ní kó lọ jókòó, ẹlòmíràn á bọ́ síbẹ̀.

Ibi tó yẹ kí olóúnjẹ Adó ti dúró wò dáadáa ni pé, pẹ̀lú gbogbo kíkà yìí, apá ṣì ń bàjẹ́ níbẹ̀, ó tiẹ̀ tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ìròyìn tí àjọ tó ń darí eré náà gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2024, lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni pé gbogbo agbára ni àwọn tòde òní fi ń ju bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, kó lè yára bí ọta. Iye dín kù, ipá pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọkùnrin tó jókòó láti àárọ̀, tó wá ń sáré gún odó mẹ́jọ láàárín wákàtí kan ààbọ̀ nígbà tí wọ́n ń pariwo "iyán dà?" láti inú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ka odó gbọ́dọ̀ ka wákàtí mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Láti ọdún 1974 ni Makanjuola, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ti kọ̀wé nípa ẹ̀rọ tó lè ṣe iyán, oríṣiríṣi ló sì ti wà lọ́jà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iyì ni iyán ní Èkìtì. Oníbàárà tó bá fura pé ẹ̀rọ ló ṣe é a máa fajú ro. Iná kì í dúró, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti wọ́n gan-an láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rọ lè gba iyán inú kúlà tí wọ́n ń gbé lọ sóde àríyá, kí odó wà fún ọ̀sán.

Òfin náà kò dákẹ́. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tó tó wákàtí kan nínú rẹ̀, kó sì ní ọjọ́ kan odindi láàárín ọjọ́ méje. Òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tó fara pa ní kí agbanisíṣẹ́ máa san kọ́bọ̀ kan lórí náírà owó oṣù kọ̀ọ̀kan. Mélòó nínú àwọn olóúnjẹ ló ti gbọ́ ọ rí?

Owó sísan ni ibi tó le jù. Níbi tí wọ́n ti ń sanwó lórí odó, agúnyán fúnra rẹ̀ kò ní í fẹ́ kí ẹnì kejì dé, nítorí odó tí ìyẹn bá gún, owó tirẹ̀ ló bá a lọ. Ajubọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kò ní ìṣòro yìí, ìwé àdéhùn ló fi ń gbowó, bó jù bí kò jù. Bí ìyá olóúnjẹ bá fẹ́ kí àwọn méjì máa gba apá ara wọn, àfi kó sọ ọ́ di owó ojúmọ́: bí odó ọ̀sán bá jẹ́ méjìlá, kí wọ́n máa gún un ní méjì-méjì, kí ọ̀kan máa jókòó bí èkejì ti ń gún. Á ní òun ò lè máa sanwó fún ẹni tó jókòó. Ẹni tó jókòó yẹn ló máa dìde gún odó keje, nígbà tí apá ẹnì kejì ti ń gbọ̀n tí àwọn òṣìṣẹ́ sẹkitéríàtì ṣì ń wọlé.