Ọ̀nà Kọ́ Ni Ebi Ń Pa

Lọ́jọ́ tí ìwé roadworthiness ọkọ̀ wa jáde, ọkọ̀ náà kò ní táyà lẹ́sẹ̀. Orí òkúta ni mẹkáníìkì gbé e lé nínú ọgbà rẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, irin bíréèkì ẹ̀yìn sì wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ibi tí a ti ń bá a dúnàádúrà ni fóònù ti dún. Ajẹ́ǹtì tó ń bá wa ṣe pátíkúlà ló fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ìwé tuntun, nọ́ńbà ọkọ̀ wa lára rẹ̀, déètì ọjọ́ náà lára rẹ̀. Wọ́n ti yẹ ọkọ̀ wò. Ó pegedé. Ó yẹ lójú títì.

A rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wa ya ọkọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ náà, ó fi fọ́tò rẹ̀ àti ti ìwé náà sórí status, àwọn èèyàn sì ń fi ẹ̀rín dáhùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wá. A ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà la kà jáde ní yunifásítì, kóòdù la fi ń jẹun. A dáwó jọ ra Corolla tokunbọ̀ kan ká lè máa bá a lọ sí Ìkẹjà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, a ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Abúlé Ẹ̀gbá láàárọ̀, ẹni tó ń wakọ̀ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àárín kòròpé kan àti obìnrin kan tó gbé búrẹ́dì lérí la gbà kọjá. Bíréèkì ọwọ́ àti òkìtì yanrìn ló dá wa dúró.

Obìnrin náà kò bú wa. Ó sọ igbá búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ kì í yẹ mọ́tò yín wò ni?"

Ìwé tó sọ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò wà nínú ọkọ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lè mú un jáde fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ìwé yìí jẹ́, torí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé irú owó orí kan ni. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọkọ̀ aládàáni gbọ́dọ̀ gba ìwé yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọkọ̀ akérò lẹ́ẹ̀mejì. Vehicle Inspection Service, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní VIO, ló ni iṣẹ́ náà. Ìjọba Èkó ti bá ilé-iṣẹ́ aládàáni fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti dá àwọn ibùdó sílẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣe àyẹ̀wò. LACVIS ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀, wọ́n á wa ọkọ̀ gun orí rólà. Rólà á máa yí táyà, wọ́n á tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ á sì ka agbára bíréèkì ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ti ọ̀tún bá mú ju ti òsì lọ, á hàn, torí ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí èèyàn bá tẹ bíréèkì lójijì. Wọ́n á wo iná iwájú, bóyá títì ló ń tàn sí àbí ojú ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n á yẹ èéfín wò, wọ́n á wo abẹ́ ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì, sitiárìn àti táyà.

Kò sí èyí tí èèyàn lè fi fọ́tò ṣe nínú gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Nínú iṣẹ́ tiwa, a máa ń kọ test. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wá ibi tí kóòdù ti bàjẹ́ rí kí oníbàárà tó rí i. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá ti lọ tí ọ̀gá ń pariwo, ẹni tó bá fẹ́ ṣe màgòmágó á kọ test náà kó máa dáhùn "true" nígbà gbogbo. Àwọ̀ ewé á hàn lójú kọ̀ǹpútà, inú ọ̀gá á dùn, wọ́n á gbé iṣẹ́ jáde, ó di ọwọ́ oníbàárà. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù mọ orúkọ tá a máa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìdánwò tí kò lè sọ pé "rárá" kì í ṣe ìdánwò. Ohun tí a rà lọ́wọ́ ajẹ́ǹtì nìyẹn, tọwọ́tẹsẹ̀ la sì fi sanwó rẹ̀. Àwa tí a máa ń bínú bí ọmọ iṣẹ́ wa bá ṣe é lórí áàpù lásán la ṣe é lórí irin tó ń sáré láàárín èèyàn.

Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa pé nǹkan kékeré ni. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, bíréèkì táńkà elépo kan já lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá, ní títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Táńkà ṣubú, epo dà, iná ràn. Ó kéré tán, èèyàn 9 ló kú, ọkọ̀ tó jóná sì ju 50 lọ. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Òjòdú, níbi tí olú-ilé iṣẹ́ VIO Èkó wà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí tírélà lórí afárá Ojúẹlẹ́gba, ó pa èèyàn 3. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, ní Ojúẹlẹ́gba yìí kan náà, kọ̀ǹténà mìíràn já lu bọ́ọ̀sì akérò, èèyàn 9 tún lọ.

Kí la máa ń sọ lẹ́yìn irú ìròyìn bẹ́ẹ̀? "Ká má rìn lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà." Àdúrà àwọn baba wa ni, a kò sì ní ṣe é ní yẹ̀yẹ́, àwa náà máa ń ṣe àmín sí i nínú dáńfó kí ó tó kúrò ní gáráàjì. Ṣùgbọ́n a ti sọ àdúrà yìí di ibi tá a ń sá pamọ́ sí. Ọ̀nà kọ́ ni ebi ń pa. Pádì bíréèkì ló ti jẹ tán, ẹnì kan sì gbowó láti sọ pé kò tíì tán, ẹlòmíràn sì san owó náà.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa máa ń dá wa lóhùn báyìí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, owó ni VIO ń wá." A kò jiyàn. Ta ni wọn ò tíì dá dúró rí ní kọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ̀yìn ti igi sí? Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2024, Adájọ́ Evelyn Maha ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé àwọn VIO ibẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa dá ọkọ̀ dúró, láti gbà á tàbí láti bu owó ìtanràn lé awakọ̀. Inú gbogbo wa dùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwa náà tẹ "like". Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìdájọ́ yẹn sọ ohun tí òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe fún wa lójú pópó. Kò tún bíréèkì ẹnikẹ́ni ṣe. Bí a bá bínú sí ẹni tó ń fi òfin jẹun, ìyẹn kò sọ òfin náà di irọ́. Ajẹ́ǹtì tá à ń lò sì ńkọ́? Ọ̀nà ìjẹun kan náà ni, àwa fúnra wa la sì ń gbé oúnjẹ fún un.

Àwọn mìíràn á ní, "Bí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò yìí bó ṣe yẹ, mélòó nínú dáńfó Abúlé Ẹ̀gbá sí Òṣòdì ló máa kù? Kí la máa wọ̀?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, ẹni tó bá sì ń gbé lápá ibí kò lè fi ṣeré. Awakọ̀ tó ń fi owó òní jẹun òní kò lè pààrọ̀ táyà mẹ́rin lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti yanjú irú rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní MOT ti wà láti ọdún 1960. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, wọ́n pín àléébù ọkọ̀ sí mẹ́ta: èyí tó léwu, tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn títí wọ́n á fi tún un ṣe, èyí tó burú, tí ọkọ̀ kò lè yege àfi tí wọ́n bá tún un ṣe, àti èyí tó kéré, tí wọ́n kàn máa kọ sílẹ̀ kí olówó ọkọ̀ tètè wá nǹkan ṣe sí i. Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí bíréèkì, sitiárìn, táyà àti iná jẹ́ ohun tí a kì í dá ọwọ́ rẹ̀ padà. Ọ̀dà tó ti ṣí àti ìjókòó tó ti ya lè dúró.

Àbí ẹ rò pé tokunbọ̀ ti yege níbi tó ti ń bọ̀? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìjọba ilẹ̀ Netherlands tẹ àbájáde jáde lórí àwọn àlòkù ọkọ̀ tí wọ́n ń kó gba èbúté wọn wá sí Áfíríkà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò ní ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò tó ṣì múlẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n ń kó wọn sọ́kọ̀ ojú omi. Ohun tí wọ́n kọ̀ lójú títì tiwọn la ń fọ̀, tá à ń fi tẹ́ṣan pé "ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni."

Ohun kan wà nínú MOT yẹn tó yẹ kó dun àwa ọmọ kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sórí ìkànnì ìjọba wọn, kó rí gbogbo àyẹ̀wò tí ọkọ̀ náà ti ṣe: ọdún tó yege, ọdún tó kùnà, ohun tó mú un kùnà, àti iye máìlì tó ti rìn nígbà náà. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Èkó nìyí: kí ẹni tó dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù Abúlé Ẹ̀gbá lè tẹ nọ́ńbà dáńfó tó wà níwájú rẹ̀, kó sì rí i bóyá bíréèkì rẹ̀ ti gun rólà láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ̀rọ ti ka nọ́ńbà náà, ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n ṣí i síta ló kù. Lọ́jọ́ tí èsì bá hàn sí gbogbo ayé, ọjà ajẹ́ǹtì á kú, torí kò sẹ́ni tó máa sanwó fún irọ́ tí ọmọ kékeré lè já.

Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lẹ́yìn ọjọ́ afárá yẹn, mẹkáníìkì tún bíréèkì ṣe, ó ní ó ti dára. A ní ẹ̀rọ ni kó sọ bẹ́ẹ̀. A gba Agége bọ́ sí Ògbà, a yọ sí Òjòdú, a tò sórí ìlà. Ọkọ̀ wa kùnà. Bíréèkì ẹ̀yìn òsì kò mú tó ti ọ̀tún. Iná iwájú kan ń wòkè bí ẹni ń ka ìràwọ̀. A tún wá wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára táyà tí fọkanáísà kùn dúdú fún wa, tá à ń pè ní tuntun: 1114. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ojú tì wá, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí owó tí a san lórí pátíkúlà ra ohunkóhun fún wa. A tún ohun gbogbo ṣe, a padà lọ, ó yege.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, bí ìwé yín bá ti fẹ́ parí, ẹ má pe ajẹ́ǹtì. Ẹ tẹ LACVIS sórí Google Maps, ẹ wo ibùdó tó sún mọ́ yín, ẹ wa ọkọ̀ yín lọ fúnra yín. Bí kò bá sí èyí tó sún mọ́ yín, Òjòdú wà níbẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin ara táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún. Ẹ dúró síwájú ògiri lálẹ́, ẹ tan iná, ẹ wò ó bóyá méjèèjì bára mu. Bí ọkọ̀ bá sì kùnà, ẹ má bẹ̀bẹ̀, ẹ má na owó sí ẹnikẹ́ni. Ẹ gba ìwé ìkùnà yín, ẹ gbé e fún mẹkáníìkì. Ẹ tún sọ fún ọ̀rẹ́ yín tó ń ra ìwé. Ará ilé ẹni tó bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Obìnrin oníbúrẹ́dì yẹn ṣì wà nídìí afárá. Ọwọ́ rẹ̀ la ti ń ra búrẹ́dì báyìí. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yege, a dúró, a na ìwé náà sí i láti ojú wíńdò, a ní, "Màmá, a ti yẹ̀ ẹ́ wò o."

Kò wo ìwé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo táyà.