Ohùn Ẹlẹ́rìí Nínú Ẹ̀rọ Ayára-bí-àṣá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ kí á ṣọ̀rẹ́. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹni tí ó bá gba iwájú kóòtù májísíréètì Ògùdù kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, yóò rí i pé òwe náà kò dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró sílé. Onílé ń pe ayálégbé lẹ́jọ́. Oníṣòwò ń pe oníbàárà tí ó ra ọjà láwìn tí kò san. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìkòsì tàbí ti Kétu sì dì mú ń gba ọ̀nà Ìkẹjà lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga, pẹ̀lú ìwé ẹbí nínú ọ̀rá, tí wọ́n gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn aláṣẹ ilé-ẹjọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń gbìyànjú láti gbé ìwé ẹjọ́ kúrò nínú ọ̀rá àti àpótí bọ́ sínú ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n ń lépa ni pé kí agbẹjọ́rò lè ti ọ́fíìsì rẹ̀ fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́, kí ó san owó rẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì mọ ọjọ́ tí adájọ́ yóò jókòó lé e. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé iṣẹ́ rere ni. Ìbéèrè tí ó jẹ wá lógún ní ojú ìwé àṣà yìí ni pé: ọ̀rọ̀ ta ni ẹ̀rọ náà yóò máa rántí?

Kí á tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí á rántí Igbóṣẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá SARS ti di rògbòdìyàn, àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé-ẹjọ́ gíga tí ó wà ní Igbóṣẹ̀rẹ̀, ní Erékùṣù Èkó. Fáìlì jóná, ẹrù ẹ̀rí jóná, ìwé tí adájọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ jóná. Ẹni tí ó ti ń rojọ́ bọ̀ láti ọdún pípẹ́, tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti kú lẹ́yìn tí ó jẹ́rìí tán, níbo ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀? Láyé àwọn baba wa, orí àgbà ni àpótí ìwé. Àwọn arọ́kìn wà ní ààfin Ọ̀yọ́ tí ń rántí ohun tí ó kọjá. Bí a bá sì parí ìjà ààlà, a ó gbin pèrègún sí i, ẹnu gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò sì di ìwé. Iná kan ṣoṣo kò lè jó irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán. Lójú tèmi, kọ̀ǹpútà tí a pa ẹ̀dà ohun inú rẹ̀ mọ́ sí ibi púpọ̀ sún mọ́ ọgbọ́n àtijọ́ yẹn ju fáìlì ẹlẹ́kùrúkù lọ.

Ọ̀rọ̀ ìfàsẹ́yìn ẹjọ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin mọ ẹjọ́ Ariori àti Elemo dáadáa. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni, ní Èkó níbí. Ọdún 1960 ni a pè é. Adájọ́ tí ó gbọ́ ọ lo ju ọdún kan lọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn àwọn agbẹjọ́rò kí ó tó dá a. Nígbà tí ó fi dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ọdún 1983, ohun tí àwọn adájọ́ ibẹ̀ sọ ni pé kí wọ́n padà lọ tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún! Lóde òní, òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní kí adájọ́ dá ẹjọ́ láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n kò sọ iye ọdún tí ó gbọdọ̀ gbà kí á tó dé orí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ọ̀hún. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wúlò. Bí ó bá ń ka ọjọ́, tí tẹrú-tọmọ sì lè rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni a ti sún ẹjọ́ kan síwájú, àti ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ fún un nígbà kọ̀ọ̀kan, ojú yóò ti ẹni tí ó yẹ kí ojú tì. Ẹni tí ó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá wí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lẹ́bi ní kóòtù ìgbàlódé ni ó ń tọrọ ọjọ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wọ inú kóòtù lọ wàyí. Ẹlẹ́rìí dìde, ó sọ Yorùbá. Ògbufọ̀ gbọ́ ọ, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Adájọ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, Gẹ̀ẹ́sì ògbufọ̀ ni ẹ̀rí. Yorùbá tí ẹlẹ́rìí sọ ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí ẹjọ́ bá dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àwọn adájọ́ ibẹ̀ kì í rí ẹlẹ́rìí, wọn kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìwé ni wọ́n ń kà. Òfin ni ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2001, nínú ẹjọ́ Ojengbede àti Esan, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè àwọn ilé-ẹjọ́ gíga wa, àti pé ìwé tí a kọ ní èdè mìíràn, a gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ kí kóòtù tó lè lò ó, ìbáà jẹ́ pé adájọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́ èdè náà.

Mo jókòó nínú kóòtù kan rí tí ìyá àgbà kan ń jẹ́rìí. Ó ní, “Ìyàwó mi ni ó ṣílẹ̀kùn fún wọn.” Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń túmọ̀ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé aya òun ni. Ẹ̀rín sọ. Adájọ́ gbójú sókè. Ó gbà wá ní ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó hàn pé ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ni ìyá wa ń sọ. Ọjọ́ náà, ẹ̀rín lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ogún ńkọ́? Ọmọ Yorùbá tí ó ní “bàbá mi ni ó ni ilẹ̀ náà” lè máa sọ nípa ẹni tí ó bí i, tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni tí ó bí i, tàbí bàbá àgbà ẹbí pátápátá. Ẹni tí ó ní “a fún un nílẹ̀” lè fẹ́ wí pé a ta á lọ́rẹ títí láé, tàbí pé a fún un kí ó máa dáko kí ó sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ tilẹ̀ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí, gbà. “Mo gbà” lè jẹ́ pé ọjà tẹ̀ mí lọ́wọ́; ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà tẹ́ mi lọ́rùn; ó sì lè jẹ́ pé mo jẹ̀bi. Ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́ta yìí ni ògbufọ̀ yóò mú, ọ̀kan náà ni a ó sì tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.

Kì í ṣe pé kóòtù Gẹ̀ẹ́sì kò lè bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ wa. Nígbà tí àwọn ọmọ Dawodu ń du ogún bàbá wọn ní Èkó, ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin, ìjà náà dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Ṣé ìdí-igi ni a ó fi pín in ni, tàbí orí-òjorí? Àwọn òyìnbó náà fara mọ́ ìdí-igi gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò rí Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ méjèèjì. Bí a ti ń pè wọ́n ni wọ́n ṣe wọ inú ìwé òfin, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà di òní olónìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ wọn.

Nítorí náà, ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Ẹ̀rọ tí ó lè gba fáìlì ẹgbẹ̀rún lè gba ohùn pẹ̀lú. Kí a gba ohùn ẹlẹ́rìí sílẹ̀ ní èdè tí ó fi sọ̀rọ̀, kí a fi sí ẹ̀gbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ògbufọ̀ nínú fáìlì kan náà. Àwọn mìíràn ti rí i pé èdè ìbílẹ̀ àti kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀tá: ní Íńdíà, láti ọdún 2019 ni ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ wọn ti ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní SUVAS, tí ń yí ìdájọ́ Gẹ̀ẹ́sì padà sí Híńdì, Támílì àti àwọn èdè wọn mìíràn. Ní tiwa, òfin ọdún 2018 ní Ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó yani lẹ́nu pé ọmọ tí a fi dandan kọ́ ní Yorùbá yóò dàgbà, yóò dé kóòtù, èdè náà yóò sì pòórá níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ohùn inú ẹ̀rọ ṣeé fi ọwọ́ yí. Òótọ́ ni, òyìnbó tí ó ṣe lẹ́ẹ̀dì náà ni ó ṣe ìrésà. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, tí a tún ṣe ní 2023, ti sọ ohun tí ẹni tí ó mú ohun inú kọ̀ǹpútà wá gbọ́dọ̀ fi hàn kí kóòtù tó gbà á. Ìwé pẹ̀lú ṣeé yà, ó sì ṣeé jí.

Ẹ̀rù tí ó bà mí jù wà ní ẹnu ọ̀nà kóòtù. Ẹ jẹ́ kí á mú ìyá kan tí ń ta tòmátò ní Mile 12, tí oníbàárà gbé apẹ̀rẹ̀ ogún lọ láwìn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó dá kóòtù sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn májísíréètì fún irú gbèsè báyìí, èyí tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Wọ́n fẹ́ kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́, ẹni tí kò ní lọ́yà sì lè dúró fúnra rẹ̀. Ètò dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo fọ́ọ̀mù bá di Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀rọ, ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tí ń bá ènìyàn kọ ìwé ìbúra lábẹ́ agbòòrùn ni ìyá wa yóò sá lọ, yóò sanwó fún ohun tí ó yẹ kí ó rọrùn, yóò sì buwọ́ lu ohun tí kò lè kà. Àwọn ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀, níbi tí tọkọtaya púpọ̀ ti ń tú ìgbéyàwó ká, kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ń sọ nípa ẹ̀rọ tuntun yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni Yorùbá ti ń dún jù lọ.

Àwa olùkọ́ èdè kò gbọ́dọ̀ jókòó máa wòran. Ọdọọdún ni a ń fún àwọn ọmọ ní oyè nínú ìmọ̀ Yorùbá, tí wọn kò sì ríṣẹ́. Kí a kọ́ wọn ní iṣẹ́ ògbufọ̀ kóòtù, kí ìjọba gbà wọ́n, kí wọ́n máa gbọ́ ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ. Nígbà tí ìyá oní-tòmátò bá dúró níwájú adájọ́ tí ó ní “Mo gbà”, kí ẹni tí yóò tún ẹjọ́ náà gbọ́ ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè tẹ bọ́tìnì kan, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.