Ọ̀RỌ̀ ÌLERA: Oògùn Rere, Àsìkò Rẹ̀ Ńkọ́?

 

Lẹ́yìn ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Jẹjẹrẹ ń bá bàbá rẹ̀ jà nílé, ní ìparí ìfun ńlá, níbi tí ìgbẹ́ ń gbára jọ sí kí ó tó jáde. Àwọn dókítà ti ṣètò ìtànṣán àti oògùn kẹmó fún bàbá, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ará ilé kan gbọ́ pé oògùn kan wà, bevacizumab, tí ń fi ebi pa kókó jẹjẹrẹ. Owó rẹ̀ wọ́n púpọ̀. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ yá owó kí ó rà á ránṣẹ́. Ó ní, "Bí oògùn bá pọ̀, ṣé àrùn kò ní tètè kú ni?"

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí lójú gbogbo yín, nítorí irú rẹ̀ lè dé ilé ẹnikẹ́ni.

Bí kókó jẹjẹrẹ bá ń dàgbà, a máa fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ó lè rí oúnjẹ àti ọ́síjìn. Ní ọdún 1971, Judah Folkman, oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston, kọ ọ́ pé bí a bá dí ọ̀nà yìí, kókó kò ní lè dàgbà. Ní ọdún 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí bevacizumab fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá tó ti tàn dé ibòmíràn nínú ara. Nínú ìwádìí tó ṣáájú èyí, ìdajì àwọn tó gba kẹmó nìkan ló lò ju oṣù 15.6 láyé, ti àwọn tó gba méjèèjì jẹ́ oṣù 20.3.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́. Ìtànṣán nílò ọ́síjìn: bí kò bá sí i, ìtànṣán tí a nílò a máa tó ìlọ́po mẹ́ta. Kẹmó náà nílò ẹ̀jẹ̀ tí yóò gbé e wọlé. Bí a bá dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ṣé kì í ṣe ọmọ ogun tiwa ni a ti ìlẹ̀kùn mọ́ síta yẹn?

Rakesh Jain, òun náà ní Boston, ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 2001. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kókó dà bí páìpù omi tí ẹni tó ń kánjú rì mọ́lẹ̀: ó wọ́, ó sì ń jò, omi kò dé ilé tó wà ní ìpẹ̀kun. Bí a bá fi oògùn náà sí i níwọ̀n, èyí tó ń jò yóò kọ́kọ́ dí, èyí tó kù yóò sì tọ́. Fún ìgbà díẹ̀, ọ̀nà là. Bí oògùn bá pọ̀ jù, ọ̀nà a tún dí pátápátá. Nínú àwọn eku tó ní kókó nínú ọpọlọ, ọjọ́ kẹrin sí ìkẹfà lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán ṣiṣẹ́ jù.

Ní ọdún 2004, Christopher Willett àti Jain pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé e dé ọ̀dọ̀ ènìyàn mẹ́fà tó ní irú àrùn bàbá yìí. Wọ́n kọ́kọ́ fún wọn ní bevacizumab nìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni kẹmó àti ìtànṣán tó dé. Nígbà tí iye wọn pé 32, kókó ti pòórá pátápátá lára márùn-ún nínú wọn nígbà iṣẹ́ abẹ. Ó wúni lórí, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ kejì tí a lè fi wọ́n wé. Nítorí náà, bevacizumab kò sí lára ìtọ́jú tí a máa ń ṣe fún irú àrùn yìí kí iṣẹ́ abẹ tó dé.

Ó tún ku ewu kan. Oògùn yìí kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ tètè jinná, ó sì lè dá ìfun lu. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọjọ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ara. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ dá a dúró, ó kéré tán, ọjọ́ 28 ṣáájú iṣẹ́ abẹ, a kò sì gbọ́dọ̀ padà sí i kí ọjọ́ 28 tó pé lẹ́yìn rẹ̀, kí ọgbẹ́ sì ti jinná.

Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kí ó má tíì yá owó. Kí ó bi dókítà bóyá àrùn náà ti tàn ká, àti ọjọ́ wo ni iṣẹ́ abẹ. Kí ó fi owó ọwọ́ rẹ̀ sí owó ọkọ̀ àti oúnjẹ bàbá, kí ọjọ́ ìtànṣán kankan má baà fò wọ́n. Inú rẹ̀ kò dùn. Mo mọ ìdí rẹ̀: ẹni tó wà lókè òkun, ohun tó ń rán sílé ni ó fi ń ṣe ọmọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó pe ilé. Kò sí ẹni tó ti sọ̀rọ̀ oògùn náà létí dókítà rárá.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ yàtọ̀ sí ìfàsẹ́yìn. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni bàbá fi ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí wọ́n ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, tí wọ́n ń mu àgbo. Ẹ pe ilé lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bi àwọn àgbà yín léèrè. Má tijú.

Ó di ìgbà mìíràn o. Ire o.