Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ ìwà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi òwe yìí sọ, pé ọmọ tó bá níwà nílé ni yóò níyì níta, wọ́n á sì fi mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé yóò rí lára wa lọ́jọ́ òde, inú yàrá la ti ń wọ̀ ọ́ wò, tí a ń bọ́ ọ, tí a ń tún un ṣe. Bí yóò bá ya, ibẹ̀ ni kó ti ya.

Minna ni mo fẹ́ darí òwe yìí sí lónìí. Ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ NECO wà, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1999 láti máa ṣe ìdánwò àwọn ọmọ girama. Lọ́jọ́ tí èsì bá jáde, àwọn ọmọ láti Badagry títí dé Maiduguri ló ń sáré wọ íntánẹ́ẹ̀tì láti wo tiwọn. Ìlú kan náà ló ni FUT Minna, fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, tó wà ní Bosso àti Gidan Kwano. Iṣẹ́ fífi èsì hàn fún irú èrò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé lé sẹ́fà kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ni sẹ́fà (server), kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn. Ó lè bàjẹ́, iná sì lè lọ. Iná ń lọ ní Minna, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìpínlẹ̀ Niger tí ìlú náà wà ni ìdídò Kainji àti ti Shiroro tó ń pèsè iná wà.

Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi ń so sẹ́fà méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ di ohun tí wọ́n ń pè ní cluster. Bí ọ̀kan bá dákú, òmíràn á gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹni tó ń wo èsì lè má tilẹ̀ fura. Lórí Linux, ètò Corosync ló ń jẹ́ kí àwọn sẹ́fà máa gbúròó ara wọn. Ètò Pacemaker ló ń pinnu ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ àti ẹni tí yóò gbapò. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ẹnìkan á ní níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ Gidan Kwano yóò ti rí owó sẹ́fà mẹ́ta. Kò nílò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan lè gba kọ̀ǹpútà mẹ́ta sínú, èyí tí wọ́n ń pè ní virtual machine, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló ni dísíìkì àti mẹ́mórì tó ń lò. IBM ti ń ṣe irú rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ ńlá ní Amẹ́ríkà láti ìparí àwọn ọdún 1960. Láti 2007, ètò KVM tó ń ṣe é ti wà nínú Linux, VirtualBox náà sì wà fún ẹni tó ń lo Windows. Bí mẹ́mórì bá jẹ́ 8GB, ó tó fún mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 1GB.

Àǹfààní tó ga jù níbẹ̀ ni pé a lè mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Ẹ ya snapshot, ìyẹn ni pé kí ẹ tọ́jú ipò tí gbogbo nǹkan wà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ọ̀kan lójijì, bí ìgbà tí iná bá lọ. Láìpẹ́, àwọn méjì yòókù á mọ̀ pé ẹnìkan kò dáhùn mọ́, ọ̀kan nínú wọn á sì gba àdírẹ́sì àti iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá gbà á, ẹ ti rí àṣìṣe tí ì bá dójú tì yín níta. Ẹ dá wọn padà sí ipò ìṣáájú, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ tún pa á.

Èyí tó le jù ni ìdánwò okùn tó já. Okùn ń já lóòótọ́: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, ọwọ́ àwọn báǹkì wa sì há. Nínú VirtualBox, ibi kékeré kan ni a ó tẹ̀, okùn sẹ́fà kan ti já nìyẹn. Sẹ́fà náà kò kú, kò kàn gbúròó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ ni. Ó rò pé wọ́n ti kú, àwọn náà rò pé ó ti kú, tọ̀tún tòsì á wá dìde pé àwọn ló ni iṣẹ́. Ọba kì í pé méjì láàfin. Bí sẹ́fà méjì bá ń kọ̀wé lé àkọsílẹ̀ kan náà lórí láìgbọ́ ti ara wọn, àkọsílẹ̀ ọ̀hún ti bàjẹ́, okùn tí a bá tún so lẹ́yìn náà kò sì lè wò ó sàn. Ẹ fojú inú wò ó bó bá jẹ́ èsì ìdánwò ọmọ yín.

Oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìbò. Ẹgbẹ́ tó bá ju ìdajì lọ ló láṣẹ. Nínú mẹ́ta, méjì ni, ẹni tó bá dá wà gbọ́dọ̀ jókòó. Oògùn kejì ni STONITH: kí a pa ẹ̀rọ tí a kò gbúròó rẹ̀ pátápátá kí ẹlòmíràn tó gbapò rẹ̀. Pacemaker fúnra rẹ̀ kì í gbà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí a kò bá tíì ṣètò èyí, àfi bí a bá pàṣẹ fún un pé kó fojú fò ó. Ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́ ló ń pa àṣẹ yẹn kí iṣẹ́ lè tètè yá, èyí kò sì dára rárá. Lórí KVM, fence_virsh wà tó lè bá wa pa ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà, nítorí náà kò sí àwáwí.

Ṣùgbọ́n òwe wa kò ní ká kó ẹ̀ṣọ́ jókòó sílé. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó wà nínú ẹyọ kan, ẹyọ kan náà ni wọ́n. Bí bátìrì bá kú, gbogbo wọn kú. Wọn kò lè sọ bí iṣẹ́ yóò ṣe yá tó fún wa. Bí iṣẹ́ bá sì wọ ẹ̀rọ náà lọ́rùn, ọ̀kan lè pẹ́ dáhùn débi tí àwọn yòókù á fi rò pé ó ti kú. Ìdánwò ìkẹyìn gbọ́dọ̀ jẹ́ lórí sẹ́fà gidi, tí iná wọn kò ti ojú kan náà wá.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Minna, ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì lórí ohun tó bàjẹ́ tó sì tún ṣe. Ẹ̀yin tí sẹ́fà iléeṣẹ́ wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ yan ọjọ́ kan kí àsìkò èsì tó dé, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín pa ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.