Onímọ́tò àti Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ní ẹṣin ní ayé àtijọ́ mọ ohun tí ẹṣin ń jẹ, ó mọ ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì mọ̀ bí pátákò rẹ̀ bá ń dùn ún. Ìránṣẹ́ lè máa já koríko fún un, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ó ni ín kì í kúrò lára rẹ̀. Ti onímọ́tò òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àti sítíárì nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ wọn, wọn kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò rí, àfi ní ọjọ́ tí èéfín bá rú jáde lábẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó.

Àìbìkítà yìí ń ná ni lówó púpọ̀. Ọ́ìlì ni ẹ̀jẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Òun ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin, òun ni ó ń gbé ooru àti ìdọ̀tí kúrò. Bí ó bá gbẹ, ẹ́ńjìnnì a nọ́ọ̀kì, gẹ́gẹ́ bí àwọn mẹkáníìkì ti ń wí, owó tí a ó sì fi ra òmíràn lè tó owó ilé ọdún kan. Bẹ́ẹ̀ ni wíwo ọ́ìlì kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: kí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì sinmi díẹ̀, kí a fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ, kí a nù ún, kí a tún tì í bọ̀ ọ́, kí a wò ó bóyá ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì. Bákan náà ni omi rédíétọ̀, àfi pé ẹni tí ó bá ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tí ó gbóná yóò fi ojú ara rẹ̀ san ẹ̀san.

Pípààrọ̀ ọ́ìlì pàápàá kò kọjá agbára onísùúrù. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá ni yóò sọ ìgbà tí ó yẹ. Ní ti ọ́ìlì lásán, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í jẹ́ kí ó kọjá kìlómítà 5,000. Nǹkan bí lítà 4 ni ọkọ̀ kékeré ń gbà. Kí a má ṣe fi agbára akọni fún bóòtù ìsàlẹ̀, nítorí pé ibi tí ó ń wọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ le, ó sì rọrùn láti bàjẹ́. Kí a má sì da ọ́ìlì dúdú sí gọ́tà, nítorí kànga àwọn aládùúgbò.

Àwọn kan ń wí pé gbígba oúnjẹ lẹ́nu mẹkáníìkì ni èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bíréèkì, sítíárì àti jíà ṣì wà fún ẹni tí ó fi ọdún púpọ̀ kọ́ṣẹ́, kò sì yẹ kí elòmíràn fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tí ó mọ díẹ̀ ni ó máa ń mọyì ọ̀gá tí ó mọṣẹ́. Onímàgòmágó nìkan ni ìmọ̀ rẹ̀ ń bí nínú, nítorí kò ní lè ta púlọ́ọ̀gì àlòkù fún un bí tuntun.

Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Toyota Corolla, bí ó ti kéré tó, wúwo ju kílógíráàmù 1,000 lọ. Gbígbé ni iṣẹ́ jáàkì, kì í ṣe ohun tí a ń sùn sábẹ́ rẹ̀: rọ́bà inú rẹ̀ lè já, ilẹ̀ sì lè rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn a to búlọ́ọ̀kù, wọ́n a sì rò pé àwọn gbọ́n. Búlọ́ọ̀kù tí ó ru ilé fún ogún ọdún lè fọ́ yángá lójijì, nítorí pé ojú kan ṣoṣo ni irin ọkọ̀ ti tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ irin méjì tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí, lórí kọnkéré, pẹ̀lú igi tí a fi há táyà, ni ó tọ́. Kí a sì mi ọkọ̀ náà jìgìjìgì kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Kòtò dára, ó sì rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n òórùn pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Inú kòtò ni ó ń lọ jókòó sí, tí ó ń retí iná.

Ní nǹkan bí ọdún 1925 ni Peter Lunati, mẹkáníìkì kan ní Memphis ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tí ń gbé ọkọ̀ sókè. Wọ́n ní àga onígbàjámọ̀ ni ó wò kọ́ ọ. Lónìí, àwọn olówó ti ń rà á sí gáréèjì ilé. Olópòó méjì a máa di ọkọ̀ mú lábẹ́, táyà a sì wà lófìfo, èyí tí ó dára fún iṣẹ́ bíréèkì. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣi ibi tí ó yẹ kí apá rẹ̀ gbé dúró, ọkọ̀ yóò ṣubú. Lórí olópòó mẹ́rin, ọkọ̀ ń dúró lórí táyà ara rẹ̀; ó rọ ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn, ó sì tó fún iṣẹ́ ọ́ìlì. Ohun kan wà tí àwọn tí ń tà á kì í tètè sọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti gòkè, orí ìkọ́ irin ni ó ń sinmi lé, kì í ṣe orí ọ́ìlì ẹ̀rọ, èyí sì dára. Àmọ́ kí ó tó lè sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rọ ní láti tún gbé e sókè díẹ̀ kí ìkọ́ tó tú. Bí iná mànàmáná bá lọ ní àkókò yìí, ọkọ̀ a wà lókè títí iná yóò fi dé, àfi bí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí.

Ẹni tí ó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo kò nílò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Jáàkì rere àti ẹsẹ̀ irin tó o. Ẹni tí ó bá sì rà á kí àwọn àlejò lè rí i, owó rẹ̀ ni ó ń ṣeré. Bí ìdílé tàbí ẹgbẹ́ kan bá ní ọkọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí wọ́n sì fẹ́ dáwó jọ, kí wọ́n ra olópòó mẹ́rin. Bí ó bá sì jẹ́ olópòó méjì ni ó wù wọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ igun kan nínú ilẹ̀ gáréèjì wò: kọnkéré náà kò gbọdọ̀ dín ní ínṣì 4, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń dán ni kò nípọn ju ìka méjì lọ.