Ọrùn Bánjò Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Olùkọ́ kan ní Oǹdó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, bánjò kékeré olókùn mẹ́rin wo ni mo lè rà tí kò ní jẹ gbogbo owó oṣù mi?” Ìdáhùn mi nìyí, owó ni mo sì fi ra ọgbọ́n inú rẹ̀.

Ẹ má fojú ohun ìṣeré ọmọdé wo bánjò. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun ni wọ́n fi awọ bo igbá, tí wọ́n ta okùn lé e. Ibẹ̀ ni bánjò ti ṣẹ̀. Nígbà tó dé Èkó, inú orin jùjú ló wọ̀. Túndé King, tó kọrin sínú àwo ní 1936, bánjò ló ń ta. Àyìndé Bákàrè náà fi èyí kékeré bẹ̀rẹ̀, kó tó bọ́ sórí gìtá oníná ní 1949.

Èmi rí ọ̀kan rà ní Àkúrẹ́, tí irin ara rẹ̀ ń dán bíi dígí. N kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì tí mo fi sanwó. Nígbà tí mo délé, àṣé ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ! Kò sí orin tí mo ta tí kò ké òdì. Bẹ́ẹ̀ mo ti ṣèlérí fún ọmọ mi pé n ó ta á níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Ojú tì mí.

Ìwà lẹwà, ọrùn sì ni ìwà bánjò. Ẹ gbé e sójú bí káfíńtà ti ń wo pákó. Bí ọrùn bá gún, tí kò sì mì ní ìdí, ẹ ná an. Bí awọ rẹ̀ bá ya, ẹ má bẹ̀rù; ìyẹn ni yóò jẹ́ kí ó pọ́ọ́kú.

Irú èyí ni mo rà lẹ́ẹ̀kejì. Onílù kan ní Oǹdó rẹ awọ ewúrẹ́ sómi, ó fi bò ó, ó sì jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ló fún àwọn ìdè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yíká. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lásìkò òjò awọ a máa dẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ dẹ ìdè díẹ̀ kó má baà ya.

Okùn náílọ̀nù ni kí ẹ ta sí i. Wáyà lè fa ọrùn rẹ̀ tẹ̀. Ní ti igi pẹlẹbẹ tí okùn gùn lé lórí awọ, ẹ wọn ọrùn láti ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ lókè dé irin kejìlá. Bí ibẹ̀ ti jìnnà tó náà ni kí irin kejìlá jìnnà sí igi yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn kò ní ṣe déédéé. Bí èèkàn onígi tí ẹ fi ń lọ́ okùn bá ń yọ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún. Ẹ̀yin olùkọ́, ìyẹn kò wọ́n yín!

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bánjò àlòkù yìí ni mo gbé jáde, ọmọ mi sì jó. Èyí tó ń dán ṣì wà lára ògiri mi. Àlejò a máa yìn ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ta á.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.