Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kú, Ọmọ Rẹ̀ Rọ́pò

Bí iná bá kú, a feérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Anson Dorrance fẹ̀yìn tì lóṣù kẹjọ ọdún 2024, ta ni yóò rọ́pò rẹ̀ ní Yunifásítì North Carolina, nílẹ̀ Amẹ́ríkà?

Láti 1979 ló ti ń kọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ní bọ́ọ̀lù. Nígbà tí àjọ NCAA dá ìdíje àwọn obìnrin sílẹ̀ lọ́dún 1982, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ. Láti 1986 dé 1994, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, kò sẹ́ni tó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àmọ́ kò sẹ́ni tílẹ̀ kì í yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Lọ́dún 1995, Notre Dame fi ayò kan ṣoṣo lé wọn dànù nílé ara wọn. Agbábọ́ọ̀lù North Carolina gan-an ló ṣèèṣì kàn án sáwọ̀n. Lẹ́yìn ife kọkànlélógún ní 2012, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n dé àṣekágbá tí wọ́n pàdánù: 2018, 2019 àti 2022.

Damon Nahas, igbákejì Dorrance, ló wá gba àkóso. Lóṣù Kejìlá 2024, wọ́n na Wake Forest ní 1-0, ife kejìlélógún sì wọlé.

Kí àwọn àgbà tó ń di ipò mú, tí wọn kò kọ́ ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, rántí: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.